Bí a ṣe tún fíṣíìsì SS1 tò níbi tí mo ti ń kọ́ni n'Ílọrin

Ọ̀rọ̀ fíṣíìsì SS1 yìí ti sú mi tipẹ́. Fundamental quantities (ìwọ̀n ìpìlẹ̀ bíi gígùn, àkókò àti mass, ìyẹn bí ohun tó wà nínú nǹkan ṣe pọ̀ tó) la fi ń bẹ̀rẹ̀ táàmù, ó kan derived (èyí tá a fi wọ́n ṣe, bí ìyára), ó kan dimension (bí ìwọ̀n kan ṣe tinú àwọn ìpìlẹ̀ yẹn jáde), àwọn ọmọ á ha gbogbo ẹ̀ sórí bí ọmọ kéú ṣe ń ha wàláà, àmọ́ ọmọ kéú ṣáà mọ̀ pé alfa ń bọ̀ wá túmọ̀ ẹ̀, tiwa yìí, kò sẹ́ni tó padà wá túmọ̀ ẹ̀.

Ni èmi àtàwọn tíṣà tá a jọ ń kọ́ ọ bá jókòó nígbà hólídè. Alhaja HOD wa, ìyẹn olórí ẹ̀ka, ní, "Ẹ ò lè yọ nǹkan kan o, WAEC ò ní gbọ́ àlàyé." Òótọ́ ni wọ́n sọ. A ò yọ nǹkan kan, bó ṣe tẹ̀ léra nìkan la yí padà: ìbéèrè ṣáájú, fọ́múlà tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà Eric Mazur la gbà, ọ̀gá tó ń kọ́ fíṣíìsì ní Harvard, ó ti ń ṣe é láti 1991. Wàá bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà nínú, kálukú á mú ìdáhùn, á bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jiyàn, á tún mú. Páálí Indomie la gé, a kọ A sí D sí i kí wọ́n fi máa mú ìdáhùn.

Mo ju bọ́ọ̀lù sókè. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń lọ sókè, agbára wo ló wà lára ẹ̀? Ká má ka ti atẹ́gùn, gravity (agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀) nìkan ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ní agbára ọwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá ní, "Sà, tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kí ló wá ń gbé e lọ?" Mi ò dá a lóhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo fi wọnú òfin àkọ́kọ́ Newton, pé nǹkan tó ń lọ á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí agbára kan á fi yí i padà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pendulum, nǹkan tá a so rọ̀ tó ń fì síwá sẹ́yìn. A so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, lẹ́yìn náà a so pádílọ́ọ̀kì, wọ́n ti ta á pé èyí tó wúwo á yá jù, fóònù tá a fi ka àkókò ní rárá, bákan náà ni. Okùn mítà kan, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ tó sẹ́kọ́ńdì 2. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì 1, gbogbo wọn gé e sí méjì, kò ṣe é, wọ́n ń gé e lọ títí ó fi dé bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fọ́múlà tó ní square root sí bọ́ọ̀dù, dimension náà sì ráyè wọlé torí wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí mass ò fi sí níbẹ̀.

Ó ń jẹ àkókò o, kí n má parọ́. Nóòtì wa kéré sí ti tẹ́lẹ̀, òbí kan tiẹ̀ ti wá bi mí bóyá mò ń kọ́ ọmọ òun rárá.

Iná ló kàn. Bátìrì kan, wáyà kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan, kí wọ́n tàn án kí n tó dárúkọ current, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà. Mo ti bẹ onítọ́ọ̀ṣì kan l'Ọ́jà Ìpàtà kó bá mi wá gílóòbù àtijọ́, torí LED ló kún ìgboro báyìí, bátìrì 1.5V kan ṣoṣo ò sì lè tan LED funfun.