Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jẹ́ "present" nínú ọkọ̀ dáìfù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sékọ́ńdìrì nílé, ṣẹ́ ẹ rántí bá a ṣe máa ń bá ọ̀rẹ́ wa tó ti sá ní kíláàsì jẹ́ "present sà"? Ẹ fìwà yẹn sílẹ̀ sétí òkun o, tẹ́ ẹ bá ń lọ dáìfù, ìyẹn kéèyàn gbé táǹkì afẹ́fẹ́ pọ̀n wọ ìsàlẹ̀ òkun.

January 25, 1998, ọkọ̀ kan kó àwọn tó fẹ́ dáìfù lọ sí Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Tom àti Eileen Lonergan, ṣì wà lọ́hùn-ún nígbà tọ́kọ̀ ṣíná padà, wọ́n ka èèyàn o, kíkà náà ni ò péye, ó sì tó ọjọ́ méjì kẹ́nikẹ́ni tó fura, bẹ́ẹ̀ báàgì wọn wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀! Wọn ò rí wọn mọ́ dòní.

Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ mọ ẹni tí bébà orúkọ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jáde nínú omi, ẹ fẹnu ara yín dáhùn. Tẹ́ ẹ ò bá wọ omi ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́, ẹ sọ fún un. Bí wọ́n bá pe ẹni tó jókòó tì yín tí ò dáhùn, ẹ má ní "á wà ní tọ́yílẹ́ẹ̀tì," ẹ dìde lọ wò ó.

Ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín tẹ́ ẹ jọ ń dáìfù, ẹ yẹ ara yín wò kẹ́ ẹ tó fò sómi. Èyí táwọn èèyàn fi ń ṣeré jù nìyí: ẹ mí nínú regulator, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa kì bọ ẹnu láti fa afẹ́fẹ́ táǹkì, lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ máa wo géèjì tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe kù hàn, tọ́wọ́ ẹ̀ bá ń jó wálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mí, wọn ò tíì ṣí táǹkì dáadáa nìyẹn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tú òjé tẹ́nì kejì yín dè mọ́dìí kó lè rì, torí ọjọ́ tó bá le, kò ní sáyè ìbéèrè. Táǹkì tó kún máa ń tó 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀), ẹ jọ fẹnu kò pé 50 á ṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá fi dókè. Ẹ rọra gòkè, kó má ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3, ẹ má sì sé èémí rárá. Kí fèrè àti rọ́bà gígùn aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wà lára yín, ìgbì kékeré ti tó bo orí èèyàn. Tẹ́lòmíì bá ń gun àkàbà, ẹ má dúró nísàlẹ̀ ẹ̀, òun pẹ̀lú táǹkì lè já lù yín.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí tún lọ́tọ̀. September 2, 2019, iná jó ọkọ̀ àwọn tó ń dáìfù kan tó ń jẹ́ Conception lẹ́bàá Santa Cruz Island ní California, èèyàn 34 kú nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́de lóru yẹn. Kóòtù dá kápútẹ́nì lẹ́bi lọ́dún 2023, àmọ́ ìdájọ́ ò lè fa èèyàn jáde nínú èéfín. Ẹ bi wọ́n ta ni ò ní sùn. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀nà àbáyọ kejì, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín gbà á kọjá kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ lẹ́nu cháájà kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹ́ wọ bàálù lọ́jọ́ kejì, tẹ́ ẹ bá wọ omi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kéré tán wákàtí 18 kẹ́ ẹ tó fò, ẹ rò ó mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.