Bí Ẹ Ṣe Lè Wádìí Ìdí Tí Àwọn Ìlú Kéékèèké Fi Di Ibùdó Ilé-Iṣẹ́ ní Jámánì Lẹ́yìn Ogun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fi fọ́n ká sí ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ wọn rí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àwòrán ilẹ̀ méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ti ọdún 1937, kí ogun tó bẹ́, àti ti ọdún 1949, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ti pín sí méjì. Ẹ fa ìlà sí ojú ààlà náà, kí ẹ sì sàmì sí àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ Soviet, bíi Chemnitz, Zwickau àti Jena, àti Berlin tí ilẹ̀ Soviet yí ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọpasẹ̀ àwọn tó ṣí kúrò níbẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà gan-an. Chemnitz ni olú ilé-iṣẹ́ Auto Union, tó ń ṣe ọkọ̀, wà; nígbà tí àwọn Soviet tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sá wá sí Ingolstadt ní Bavaria, wọ́n dá ibi ìtọ́jú ẹ̀yà ara ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìparí 1945, nígbà tó sì di 1949, wọ́n ti ń ṣe alùpùpù àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń jẹ́ Audi lónìí. Ọdún 1949 kan náà ni Siemens, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, gbé olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láti Berlin lọ sí Munich àti Erlangen. Ní ti Zeiss, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awò, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti kó àwọn onímọ̀ rẹ̀ tó lé ní 80 kúrò ní Jena ní oṣù kẹfà 1945, kí Soviet tó gba ìlú náà, Oberkochen, ìlú kékeré kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, sì ni wọ́n padà fìdí kalẹ̀ sí. Ìmọ̀ tó wà lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n gbé sọdá ààlà; ẹ̀rọ tó bá wọn dé kò tó nǹkan.

Ẹ má ṣe parí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 àwọn Jámánì tí wọ́n lé kúrò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ló wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 1950, abúlé àti ìlú kéékèèké ni ìjọba sì fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sí, nítorí pé bọ́ǹbù ti ba ilé jẹ́ ní àwọn ìlú ńlá. Báyìí ni àwọn ìlú kéékèèké ṣe rí òṣìṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gíláàsì tí wọ́n lé kúrò ní Gablonz, ní Czechoslovakia, tẹ ìlú tuntun kan, Neugablonz, dó lẹ́bàá Kaufbeuren láti 1946. Orí àwókù ilé-iṣẹ́ àdó olóró ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilé ológun àtijọ́ sì ni Auto Union náà lò ní Ingolstadt. Nítorí náà, ẹ máa wá ibi tí ológun fi sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yìí ló tó kan owó. Ẹ sàmì sí ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1948, ọjọ́ tí wọ́n fi owó tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí ẹ sì wo ẹni tó yá ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lówó. Ìpínlẹ̀ Bavaria wà lára àwọn tó yá Auto Union lówó, pẹ̀lú ìrànwọ́ Amẹ́ríkà. Frankfurt ni báńkì àpapọ̀ ti wà láti 1948, kì í ṣe Bonn tó di olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì nígbà náà.

Ẹ wá fi agbègbè Ruhr, ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, dán àlàyé yín wò. Èédú àti irin ti sọ ọ́ di alágbára tipẹ́, síbẹ̀ nígbà tí ọjà èédú dẹnu kọlẹ̀ láti 1958, ó di dandan kí ó wá iṣẹ́ mìíràn. Ní 1962 ni Opel ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Bochum, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí, ẹ ya tábìlì kan fún àwọn ìlú náà: ta ló dé, láti ibo, sínú ilé wo, pẹ̀lú owó ta ni? Bí àyè kan bá ṣófo fún ìlú kan nínú tábìlì náà, ẹ wá ìdí mìíràn fún ìlú náà. Ní Wolfsburg, fún àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ogun tó parí. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó nílò ọkọ̀ tí wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe é fún àwọn ní 1945, ni kò jẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀.