Iná tí mo fi ń lẹ gíláàsì fóònù, àti oòrùn tó ń wọ mọ́tò àbúrò mi

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn. Àwọn fóònù tí etí ojú wọn tẹ̀ ti gbòde báyìí, gíláàsì ìdáàbòbò lásán kì í jókòó dáadáa lórí wọn. Gọ́ọ̀mù olómi la fi ń lẹ̀ ẹ́: n ó kán an sójú fóònù, n ó gbé gíláàsì lé e, n ó wá tan iná UV, ìtànṣán tí ojú lásán kò rí, sí i láti òkè. Kò pẹ́ rárá tí gọ́ọ̀mù á fi gan. Ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, mi ò sì bi ara mi léèrè ohunkóhun rí nípa rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àfín ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tí màmá wa kì í pè ní nǹkan mìíràn ju ẹni òrìṣà lọ. Ó wá gba fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irú iná yìí náà ló wà nínú oòrùn, tí dókítà ní ká ṣọ́ra fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó sì ń gba inú gíláàsì kọjá báyìí? Èmi tí mo máa ń ti gíláàsì mọ́tò pa, tí mo ní ọmọ mi ti bọ́!"

Ẹnu mi wọhò. Bí gíláàsì bá lè dá iná yẹn dúró, gọ́ọ̀mù mi kò ní gan láéláé.

Lọ́jọ́ Sátidé mo ra ìgò tónìkì kan. Kíníìnì, oògùn ibà àtijọ́ yẹn, ló ń mú tónìkì korò. Bí UV bá bà á, á gba ìtànṣán tí ojú kò rí, á sì dá a padà ní àwọ̀ búlúù tí ojú rí. Mo dà á sínú kọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọ awò iṣẹ́ mi (ẹ má tẹjú mọ́ iná yìí o), mo tan án. Omi náà tàn bí iná gáàsì. Ohunkóhun tí mo bá wá fi sáàárín, bí omi bá ṣì ń tàn, a jẹ́ pé UV ti gbà á kọjá nìyẹn.

Mo fi àfọ́kù gíláàsì fèrèsé sí i. Omi ń tàn bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo fi omi inú ọ̀rá sí i, ó ń tàn síbẹ̀. Mo wá bọ́ awò iṣẹ́, oníke tó mọ́ gaara, mo gbé e síwájú iná, búlúù náà sì kú pátápátá. Jígí dúdú kirikiri kan tí mo rà nínú gosíló ńkọ́? Omi ṣì ń tàn fírífírí lẹ́yìn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Pé nǹkan ṣókùnkùn lójú wa kò ní kí UV má rí ọ̀nà gbà.

Aṣọ ló gba àkókò mi jù. Ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ọmọ náà tàn mí jẹ, torí aṣọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń tàn, nítorí ohun tí wọ́n fi sínú ọṣẹ ìfọṣọ kí funfun lè máa dán. Mo ní láti gbójú kúrò lára aṣọ, kí n wo omi nìkan. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń yọ́ kọjá. Mo wá fi omi rin aṣọ náà bí ìgbà tí ọmọdé bá làágùn, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ sí i. Àǹkárá aláwọ̀ dúdú tí òwú rẹ̀ ki kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Ìpara ààbò oòrùn tí mo fi ìka pa sójú gíláàsì ṣe àmì dúdú bí ẹ̀dà ìka mi gan-an.

Àmọ́ 365 nanómítà (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn tó) ni wọ́n kọ sára iná mi, apá kan ṣoṣo lára UV sì nìyẹn. Láti 315 dé 400 là ń pè ní UVA. Láti 280 dé 315 ni UVB. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 280 ni UVC, ìpele ozone, afẹ́fẹ́ kan tó wà lókè ojú sánmà, sì ń gbé e mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni agbára ń pọ̀ sí i: ẹ fi nanómítà pín 1240, ẹ ó rí i ní electron-volt, òṣùwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀. Ti iná mi jẹ́ 3.4, ti UVB tó jẹ́ 300 jẹ́ 4.1.

Èmi rò pé èyí tó lágbára jù ló máa wọlé jìnnà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè awọ ara ni UVB ti ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀, ìdí nìyí tí awọ fi ń jó tó sì ń pọ́n. UVA ló ń rá pálá wọ ìpele ìsàlẹ̀. Gíláàsì fèrèsé pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ dá UVB dúró tán, ó sì ń jẹ́ kí UVA wọlé.

Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Gíláàsì mọ́tò ń dá èyí tó ń fi jíjó kìlọ̀ fún èèyàn dúró, ó ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tí kì í pariwo. Àbúrò mi rí i pé ara ọmọ kò pọ́n, ó ní ó ti bọ́. Awọ àfín kò sì ní melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, tó lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Mo pè é wá, mo ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó mú àǹkárá náà lọ fún télọ̀ láti fi rán aṣọ alápá gígùn. Gíláàsì iwájú mọ́tò kò yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, torí gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ike tó wà láàárín wọn sì ń gba UVA mú. Ti ẹ̀gbẹ́ ló kù. A jókòó, a ro ọ̀nà náà wò: láti Challenge ni wọ́n ti ń lọ sí Bódìjà láàárọ̀, àríwá ni wọ́n dojú kọ, oòrùn wà lọ́tùn-ún. Lọ́sàn-án, gúúsù ni wọ́n ń bọ̀, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀tún náà ló tún wà. Àfi ẹ̀yìn dírẹ́bà, lápá òsì, ni ọmọ ń jókòó sí báyìí, ní àlọ àti àbọ̀.