Baccarat Rouge 540 àbí Tobacco Vanille? Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín Nígbà Òtútù

Kí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí London báyìí, ẹ ti sáré lọ ra lọ́fíńdà tí ìgò rẹ̀ lè ju £200 lọ, torí pé ẹnìkan yìn ín lójú fóònù. Àwọn méjì yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi imú ẹlòmíràn rà. Baccarat Rouge 540 ti Maison Francis Kurkdjian (2015) ń rùn bíi ṣúgà tó ń jóná lórí igi kédárì. Àwọn kan ń gbóòórùn oògùn ojú egbò àti báńdéèjì nínú rẹ̀. Tobacco Vanille ti Tom Ford (2007) jẹ́ ewé tábà, fànílà, kòkó àti èso gbígbẹ. Ó ń dùn mọ́ àwọn kan, ó ń sú àwọn mìíràn.

1. Ẹ má fi bébà pélébé inú ṣọ́ọ̀bù ṣèdájọ́. Bébà kò ní ooru ara. Ẹ fín lọ́fíńdà kan sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, èkejì sí òsì, kí ẹ sì jáde sínú òtútù fún wákàtí kan. Ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, tábà àti èròjà tó ń ta imú ni Tobacco Vanille ń kọ́kọ́ tì síwájú. Fànílà tí ẹ óò bá sùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kọfí tí wọ́n ń gbé fún yín láti fi tún imú ṣe, ẹ dá a padà, atẹ́gùn ìta tó.

2. Ìgò kékeré mílílítà 2 (2 ml) ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

3. Àfínjù! Èyí ló ń bí mi nínú jù. Nínú òtútù, lọ́fíńdà kì í tètè fò kúrò lára, nítorí náà òórùn rẹ̀ kì í tètè dé imú ẹni tó fín in. Ti Rouge tún burú sí i: Ambroxan, èròjà olóòórùn àtọwọ́dá inú rẹ̀, máa ń tètè sú imú, imú àwọn kan kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Olówó á ní "ó ti parẹ́," á tún fín mẹ́rin sí i. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ooru mú, ó tú bọ́tìnnì kóòtù, gbogbo ohun tó ti ń kó pamọ́ láti àárọ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èrò yíjú sí i, ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni! Rouge eau de parfum (ẹ̀dà àkọ́kọ́): ẹ̀ẹ̀mejì. Extrait (ẹ̀dà Rouge tó tún le sí i): ẹ̀ẹ̀kan. Tobacco Vanille: ẹ̀ẹ̀mejì sí àyà, lábẹ́ ẹ̀wù. Bó bá ṣe yín bíi pé ó ti lọ, ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé.

Ẹ tún má rò pé Extrait wulẹ̀ le ju eau de parfum lọ ni. Álímọ́ńdì kíkorò wà nínú rẹ̀; ẹ gbóòórùn rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòtù: òwú àgùntàn kì í tètè jọ̀wọ́ òórùn. Ẹ fín Rouge sí i lónìí, Tobacco Vanille lọ́la, ẹ ti po àdàlù tí ẹnikẹ́ni ò rán yín. Fànílà sì lè pa aṣọ funfun láró.

Bí awọ ara bá gbẹ, ní London tàbí nínú ọyẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ fi ìpara tí kò lóòórùn pa á kí ẹ tó fín.

Ti ayédèrú: bí nọ́ńbà ìdí ìgò bá yàtọ̀ sí ti páálí, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, kò tíì jẹ́ kó dájú.

Bó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ni ẹ ń lọ, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ nílé. Fún ìrìn ìta, Rouge. Fún oúnjẹ alẹ́, Tobacco Vanille, ṣùgbọ́n ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan péré.