Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Máa Fi Eré Tọ́jú Ọmọdé ní Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Adó. Àgbàlagbà ni wọ́n kọ́ mi láti máa tọ́jú, ẹni tó lè jókòó kó ní oorun kì í kun òun mọ́, ọkàn òun kì í balẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í sọ bẹ́ẹ̀. Òun á máa tọ̀ sílé, á máa bu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní kíláàsì, tàbí kó kàn dákẹ́. Ìyá rẹ̀ á tì í síwájú: "Ó yá, sọ fún Àǹtí. Ṣebí ìwọ lò ń kígbe lóru?" Ọmọ á wolẹ̀. Èmi á máa wo fáìlì.

Lẹ́yìn oṣù January ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà wá kọjá ohun tí mo lè máa fojú fò. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan dúró lágbègbè Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn wọ igbó lọ. Ọjọ́ 4 oṣù February ni wọ́n tó rí wọn gbà padà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kọ́ ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa o. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àgbà ni: ọmọ tó bá ti rí bọ́ọ̀sì tó máa fara mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọmọ tó ní òun kò lọ sílé ìwé mọ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè rí ìdí rẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Mo wá ẹ̀kọ́ kiri lórí bí a ṣe ń fi eré tọ́jú ọmọ, ohun tí òyìnbó ń pè ní play therapy, mo rí ọ̀kan tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ wà ní South Africa. Orí Zoom la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, a sì máa ń pàdé lójúkojú ní Ìbàdàn. Wọn kì í gba ẹni tí kò bá tíì ní iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re àti onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ló pọ̀ jù nínú wa. N kò ní sọ púpọ̀ lórí dátà àti iná mànàmáná. Ẹni tó bá ń gbé Èkìtì mọ ohun tí mo fẹ́ wí.

Ọ̀dọ̀ Virginia Axline ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gba ọ̀nà Carl Rogers, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó ní kí ẹni tí à ń tọ́jú fúnra rẹ̀ máa ṣáájú. Ní 1947 ló gbé ìlànà mẹ́jọ kalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi eré tọ́jú ọmọ. Kí àárín ìwọ àti ọmọ dán mọ́rán. Kí o gbà á bó ṣe rí. Kí o jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè fi ohun tó wà nínú òun hàn. Kí o rí ohun tó ń dùn ún, kí o sì dá a padà fún un ní ọ̀rọ̀. Kí o gbà pé ó lọ́gbọ́n tó lè fi yanjú ìṣòro ara rẹ̀. Kí ó máa ṣáájú, kí ìwọ máa tẹ̀ lé e. Kí o má kánjú. Kí òfin yàrá náà má pọ̀ ju èyí tó pọn dandan lọ. Tí èèyàn bá kà á lórí ìwé, á ní kí ló le níbẹ̀? Ẹ wá bá mi ka èyí tó ní kí ọmọ máa ṣáájú kí àgbà máa tẹ̀ lé e, lójú ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń bá wí láti kékeré pé kó má yájú.

Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ìtàn ìlú Chowchilla ní California. Ní oṣù July 1976, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó gbé ìbọn jí bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan gbé tòun ti ọmọ 26 àti awakọ̀ wọn. Wọ́n bò wọ́n mọ́lẹ̀ sínú àgbá ọkọ̀ ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 16, àwọn fúnra wọn wá ọ̀nà jáde. Gbogbo wọn padà sílé láàyè, aráyé sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lenore Terr, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọ àwọn ọmọ náà lọ, ó tún padà lọ wò wọ́n lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, jìnnìjìnnì ọjọ́ náà ṣì wà lára wọn. Ó kíyè sí eré wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe léraléra, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, kò sì tù wọ́n lára. Mo gbọ́ ìyẹn tán, mo rántí àwọn ọmọ tiwa tó ń to àga sẹ́yìn ara wọn bíi bọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí à ń lé pé kí wọ́n lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó le jù ni pé kí a bá ọmọ kan ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ̀yin ẹ dán an wò. Ìkíni wa gan-an, ìbéèrè ni: ṣé dáadáa ni, ilé ńkọ́, Mọ́mì ńkọ́, ṣé o ti jẹun? Olùkọ́ wa ní ìbéèrè máa ń fa ọmọ kúrò nínú ayé tó ń dá sílẹ̀ wá sínú orí tìrẹ, níbi tó ti máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn tí àgbà fẹ́ gbọ́. Ohun tí a máa ń sọ dípò rẹ̀ ni ohun tí a rí. "O ti gbé e gorí òkè." "Àwọn méjèèjì ti ń jà." "Ó jọ pé inú ń bí èyí." Bí ọmọ bá gbé nǹkan sókè tó ní, "Àǹtí, kí lèyí?" a ò ní sọ orúkọ rẹ̀ fún un. A ó ní, "Níbí, ohun tí o bá fẹ́ kó jẹ́ ni." Ọgbọ́n tí mo wá dá sí ọ̀rọ̀ ìkíni ni pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí ọmọ àti ẹni tó mú un wá, mo ń kí wọn dáadáa bí ó ṣe yẹ kí ọmọ Èkìtì kíni. Bí a bá ti wọlé, ìbéèrè ti tán.

Òfin náà wà o. Ọ̀nà tí Garry Landreth, olùkọ́ iṣẹ́ yìí kan ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ la kọ́, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Ká ní ọmọ fẹ́ fi igi lù mí. Màá kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Inú ń bí ẹ sí mi gan-an." Lẹ́yìn náà ni òfin: "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni a ń lù." Lẹ́yìn náà ni ohun tó lè ṣe dípò: "O lè lu tìmùtìmù yẹn." Kò sí ariwo, kò sí "ta ló kọ́ ẹ ní ìwàkíwà báyìí?" Mo lò ó fún ọmọ tèmi nílé, ó ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi wò mí, ó ní ọmọ yìí á gùn mí lórí láìpẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan yàrá. Ilé ìwòsàn fún mi ní yàrá kan tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Àkọsílẹ̀ ohun ìṣeré tí wọ́n fún wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jọ ohun inú ilé àti ìgbésí ayé, èyí tí ọmọ lè fi bínú, àti èyí tó lè fi dá nǹkan sílẹ̀. Bí mo bá ní kí n ra gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, owó oṣù mi kò lè tó. Yàtọ̀ síyẹn, kí ni ọmọ Ìkọ̀lé fẹ́ fi ilé ọmọláńgidi olókè mẹ́ta tó ní ibi ìdáná òyìnbó ṣe? Odó kékeré àti ọmọ odó ni mo kọ́kọ́ rà. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìsàn-Èkìtì mọ ìkòkò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ fún mi, wọ́n sì fún mi ní amọ̀ tútù tí àwọn ọmọ lè fi mọ ohun tó bá wù wọ́n. Mo ra ọmọláńgidi, ọ̀kadà, bọ́ọ̀sì, ẹran ilé àti ẹran igbó ní Ọjà Ọba. Fóònù tó ti kú, mo ní púpọ̀ nílé. Mo rán Ìjàpá tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ nínú, kò sì sí ọmọ tó wọ yàrá náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Àdá onígi àti ìbọn ike dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní a ò gbọdọ̀ fi ìbọn lé ọmọ lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, pàápàá lásìkò yìí. Èrò tèmi ni pé ọmọ tí ìbọn ń bà lẹ́rù gan-an ló yẹ kó rí i níbi tí agbára rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òun. Mo fi í síbẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àpótí yanrìn ni mo fẹ́ràn jù. Margaret Lowenfeld, dókítà àwọn ọmọdé, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní London ní ìparí àwọn ọdún 1920: yanrìn nínú àpótí, ohun ìṣeré kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ wá tẹ ayé tirẹ̀ dó. Mo fún káfíńtà mi ní Ìjigbò ní ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan bí ínǹṣì 30 ní gígùn, 20 ní ìbú, 3 ní jíjìn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Mọ́mì, ṣé tíréè búrẹ́dì ni?" Mo ní kó bá mi fi ọ̀dà búlúù kun inú rẹ̀, pé bí ọmọ bá wa yanrìn kúrò, odò ló máa rí nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fi apótí ìjókòó kékeré méjì ṣe èènì fún mi. Yanrìn odò ni mo lò. Mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a, mo fi asẹ́ gàrí sẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe lo yanrìn tí wọ́n já sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ìgbẹ́ ológbò àti ìṣó ló kún inú rẹ̀. Apótí ìjókòó káfíńtà wúlò ju bí òun gan-an ṣe mọ̀ lọ, nítorí bí mo bá jókòó sórí àga, àwọn ọmọ máa ń dúró tí wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọmọ kan wà (mo ti pa ohun gbogbo tó lè tọ́ka sí i dà) tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló máa ń mú ní gbogbo ìgbà. Á to ìkòkò Ìsàn dí ọ̀nà nínú yanrìn, bọ́ọ̀sì á dúró, á kó gbogbo èèyàn inú rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó parí. Á tún bẹ̀rẹ̀. Eliana Gil, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí jìnnìjìnnì ti bá, ti ṣàlàyé pé irú eré yìí ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan ń yí díẹ̀díẹ̀, èkejì dúró sójú kan. Torí náà iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ bóyá nǹkan kan yí, bó ti wù kó kéré tó. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá ti lọ: ta ló wà níbẹ̀, ta ni kò sí, báwo ló ṣe parí. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kì í wá gbà wọ́n. Nígbà tó yá ó fi amọ̀ mọ ẹnì kan, ó ní Àmọ̀tẹ́kùn ni. Wọ́n mú Àmọ̀tẹ́kùn náà lọ sábẹ́ tábìlì. Mo sọ ohun tí mo rí: "Wọ́n ti mú òun náà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá àgbà kan gbé ọmọ odó dé, ó lu àwọn ajínigbé náà títí amọ̀ wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń kígbe pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ òun padà wá sí "ulé". Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Súpáfáísọ̀ mi, ìyẹn ẹni tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ mi, ní kí n má tíì yọ̀ jù, kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò tún yí sẹ́yìn. Ó yí sẹ́yìn lóòótọ́, ó tún padà bọ̀ sípò.

Àwọn òbí ṣòro ju ọmọ lọ. Bàbá kan ní ṣé eré ni òun fi owó ọkọ̀ gbé ọmọ wá ṣe. N kò bá a jiyàn. Mo ní Dádì, ẹ jẹ́ ká kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé sílẹ̀ báyìí, oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀, kí ẹ fúnra yín wò ó bóyá ó ń yí. Àwọn mìíràn á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn: "Kí ló sọ?" Mo máa ń ṣàlàyé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé n kò ní máa ro gbogbo eré ọmọ fún wọn, àfi bí nǹkan bá fi hàn pé ẹnì kan ń pa á lára. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún lábẹ́ òfin, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ti rí ohun tí n kò retí. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà pọ̀ níbí, torí àwọn òbí ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tàbí l'Ábùjá. Bernard àti Louise Guerney, tọkọtaya onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òbí láti máa ṣe irú eré yìí fúnra wọn ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Landreth àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sue Bratton wá ṣètò tiwọn sí ìpàdé mẹ́wàá, tí òbí á máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ tó kàwé ló máa yá jù. Àwọn ni wọ́n ń fẹ́ kọ́ ọmọ ní ABC láàárín eré. Màmá kan láti apá Ọ̀yẹ́, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbọ́ àlàyé mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Kí n jókòó tì í, kí n máa wò ó, kí n má bá a wí. Ṣé ó tán?" Mo ní ó tán, Màmá. Tíréè tí wọ́n fi ń sá èlùbọ́ ló fi ṣe àpótí yanrìn nílé.

Ẹ̀ka ìparí ẹ̀kọ́ náà ni ṣíṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó, mo sì ṣì wà lórí rẹ̀. Òbí á fọwọ́ sí ìwé, mo á gba fídíò iṣẹ́ mi sílẹ̀, súpáfáísọ̀ á dá a dúró níbi tó bá wù ú, á ní, "Kí ló dé tí o sọ̀rọ̀ níbí?" Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó sanwó kó béèrè ta ni yóò máa wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àti fún ìgbà wo. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n ń fún èèyàn ní sátífíkéètì kò burú láti fi mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Association for Play Therapy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1982, ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 150 lórí oyè másítà àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ kí wọ́n tó forúkọ ẹnì kan sílẹ̀, yàtọ̀ sí wákàtí àbójútó. Kó sì béèrè bóyá owó àbójútó náà wà nínú èyí tó fẹ́ san. Tèmi kò sí nínú rẹ̀.