Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ, wọn ò ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí melanoma

Ní Èkó níbí, tí nǹkan dúdú bá yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná, a ó ní ìṣó ló gún wa, a ó sáré ra ìpara ní kẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni melanoma, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara kan, ti sábà máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló ti mú Bob Marley tó kú ní 1981, ọmọ ọdún 36 péré.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni ti àǹtí mi tó ń tajà ní Balógun. Wọ́n gé melanoma àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò, wọ́n wá yọ lymph node (kókó kékeré tó ń sẹ́ omi ara) tí omi ibẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣàn dé lábẹ́ itan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ bíńtín wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀rọ microscope nìkan ló lè rí i. Gbogbo ẹbí bá dìde pé kí dọ́kítà kó gbogbo lymph node tó kù níbẹ̀ dànù, èmi náà pariwo dáadáa, torí lójú tiwa tí wọn ò bá gé e wọn ò tíì tọ́jú ẹ̀. Wọ́n gé e lóòótọ́. Ẹsẹ̀ yẹn wú, ó wú títí dòní, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní MSLT-II ti jáde láti 2017, èèyàn tó lé ní 1,900 tírú ti àǹtí mi ṣe ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n gé gbogbo lymph node tó kù níbẹ̀ fún àwọn kan, wọ́n ń fi scan ṣọ́ ibẹ̀ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 86 nínú 100 ni melanoma ò pa, bákan náà lápá méjèèjì. Gígé ń dín bí jẹjẹrẹ ṣe ń padà sáàárín lymph node kù o, ìyẹn ò kéré, àmọ́ ara wíwú mú nǹkan bí 24 nínú 100 àwọn tí wọ́n gé fún, 6 péré lápá kejì.

Ẹ má wá rò pé ṣíṣọ́ ni kéèyàn jókòó sílé. Oṣù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe scan fún wọn fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí dọdún karùn-ún. Tówó scan tàbí sún-kẹrẹ Third Mainland ò bá ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ tètè sọ fún dọ́kítà kẹ́ ẹ tó yan èyíkéyìí.

Tí ọwọ́ bá ti ń kan kókó ní abíyá tàbí abẹ́ itan, ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ yìí ò kàn yín mọ́, wọ́n sábà máa ń gé ìyẹn, nígbà míì wọ́n á kọ́kọ́ fún yín loògùn immunotherapy, èyí tó ń ran agbára ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà. Torí náà ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: ṣé microscope nìkan ló rí i, àbí ọwọ́ ti ń kàn án?