Bá a ṣe ń wọn ìdí igi àgbà

Ẹ̀yin ará wa l'Óṣogbo, tí igi ńlá bá wà ládùúgbò yín ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọn ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá igi àgbà ni, kí ẹnì kan tó gbé máṣínì wá gé e. Lórílẹ̀-èdè England wọ́n máa ń ṣe é fún oak, irú igi ńlá kan níbẹ̀, èyí tó bá ti lé ní 400 ọdún wọ́n kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá.

Ẹ mú téèpù àwọn télọ̀, tí ò bá sí, okùn náà á ṣe é, tẹ́ ẹ bá délé ẹ wá fi rúlà wọn okùn náà. Láti ilẹ̀ ẹ ka mítà kan àtààbọ̀ sókè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yí téèpù ká ara igi, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀. Tí kókó bá wà níbẹ̀, ẹ wọn ìsàlẹ̀ kókó yẹn níbi tó ti tín-ín-rín jù, kẹ́ ẹ kọ bí ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n ṣe ga sí ilẹ̀ tó sílẹ̀. Àràbà ló le díẹ̀, torí ìdí ẹ̀ tó nà bí ìyẹ́ yẹn, òkè ibi tí ìyẹ́ yẹn parí sí ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sọ pé igi ti kú torí inú ẹ̀ ṣófo o! Bowthorpe Oak, igi oak kan tó wà ní Lincolnshire ní England, inú ẹ̀ ṣófo, téèpù tó bá yí ìdí ẹ̀ ká á lé ní mítà 12, síbẹ̀ ó ń rúwé.

Tó bá jẹ́ igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹ má kan ìṣó mọ́ igi kankan.